Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ wa: kí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí gan-an?

Látọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde ni gúrúùpù wáásàpù àdúgbò wa ní Ìlọrin ò ti sinmi. Ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ pé ìjọba ti fòfin de Yorùbá ní sùkúù, pé tíṣà tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, ọ̀rọ̀ àwọn ará Àbújá ni, kò kàn wá ní Kwara. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ìpàtà bi mí pé ṣé kóun yọ ọmọ òun kúrò ní sùkúù ìjọba ni, torí tíṣà ọmọ náà kì í yé sọ Yorùbá. Mo wá ní kí n fara balẹ̀ to ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe wà, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, àti ohun tí àwọn tó ń jà lé e lórí ń sọ, torí ọ̀rọ̀ ọmọ ni, kì í ṣe ohun tá a lè fi vóìsì nóòtì parí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ní ọjọ́ 12 oṣù November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní Àbújá, níbi ìpàdé kan tí British Council pè lórí èdè àti ẹ̀kọ́, pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ praìmárì. Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Kì í ṣe òun nìkan ló dá a ṣe o, ó ní National Council on Education ló fọwọ́ sí i níbi ìpàdé wọn kọkàndínláàádọ́rin tí wọ́n ṣe ní Àkúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ìgbìmọ̀ yẹn sì rèé, mínísítà àti àwọn kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ láti ìpínlẹ̀ gbogbo ló máa ń jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá ní kò kan Kwara, kó rántí ìyẹn.

Ìlànà tí wọ́n wọ́gi lé yìí ò tíì pẹ́ láyé. Ọjọ́ 30 November 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i, Adamu Adamu ni mínísítà nígbà yẹn. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé kí wọ́n fi èdè abínibí ọmọ tàbí èdè àdúgbò tó ń gbé kọ́ ọ ní gbogbo iṣẹ́, ìyẹn sọ́bújẹ́ẹ̀tì, fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó máa lò ní praìmárì, kí Gẹ̀ẹ́sì wá gbà á láti JSS lọ.

Ṣé wọ́n ti fòfin de Yorùbá ní sùkúù ni?

Rárá o. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú jù. Ohun méjì ló wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn: kíkọ́ èdè, àti fífi èdè kọ́ nǹkan mìíràn. Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ṣì wà lórí táìmùtébù, wọ́n ṣì ń jókòó ṣe é ní WAEC. Gẹ̀ẹ́sì náà, látayébáyé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ bí iṣẹ́, kò sẹ́ni tó bá a jà. Tí tíṣà bá dúró ní aago mẹ́sàn-án tó ń kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń sọ orúkọ nǹkan lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò síjà níbẹ̀. Tó bá wá di aago mẹ́wàá, tó fẹ́ kọ́ wọn nípa bí òjò ṣe ń rọ̀, tàbí bí wọ́n ṣe ń pín ọsàn méjìlá sọ́nà mẹ́ta, èdè wo ló máa fi ṣàlàyé? Ibẹ̀ ni gbogbo ìjà yìí wà.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú rí. Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì praìmárì kẹta kan lápá Òkèlélé lọ́jọ́ kan, sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń ṣe. Tíṣà kọ "Evaporation" gàdàgbà sójú bọ́ọ̀dù, ó kọ ìtumọ̀ ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ ń pè é tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ohùn wọn ń mi pákó fèrèsé. Ó ní kẹ́nì kan dìde kó sọ ọ́, ọmọkùnrin kan dìde, ó kà á láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ó wá bi wọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì pé níbo ni wọ́n ti máa ń rí i nílé. Wọ́n dákẹ́, gbogbo wọn pátá. Tíṣà wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tí kò fẹ́ kí hẹ́dìmásítà gbọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní: "Aṣọ tí mọ́mì yín sá sórí okùn láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá délé ẹ máa bá a ní gbígbẹ, omi inú ẹ̀ dà?" Ariwo ta! Ọ̀kan ní oòrùn ló mu ún, ọ̀kan ní ó di afẹ́fẹ́, ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ híjáàbù funfun ní ó dà bí omi àmàlà, pé tí ìyá òun bá bo ìkòkò, omi máa ń lẹ̀ mọ́ ìdérí lókè. Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, ó ní "ìyẹn la máa ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọmọ yẹn ti dé orí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láìmọ̀.

Àwọn tó fara mọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ní: ó dáa, lọ́jọ́ ìdánwò ńkọ́, ṣé àmàlà ló máa kọ sínú ìwé ìdánwò ni? Ìbéèrè gidi nìyẹn náà.

Ìlànà 2022 yẹn, ta ló tiẹ̀ tẹ̀ lé e?

Àwọn tó tẹ̀ lé e ò pọ̀. Adamu Adamu fúnra ẹ̀ sọ lọ́jọ́ tó kéde ẹ̀ pé kì í ṣe ohun tó máa rọrùn, pé ó dìgbà tí wọ́n bá ní ìwé àti àwọn tíṣà tó kún ojú òṣùwọ̀n. Ìlànà tó sì jọ ọ́ ti wà nílẹ̀ láti 1977, nígbà tí ìjọba kọ́kọ́ gbé ìlànà àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ jáde, tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2004, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní praìmárì ni wọ́n ní kó jẹ́ ti èdè àdúgbò. Lórí ìwé nìyẹn. Èwo nínú àwọn sùkúù aládàáni ní Táńkẹ̀ tàbí Gáà-Akànbí ló ṣe é? Ohun tá a mọ̀ ni bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fanákúlà, ìyẹn èdè abínibí, àti ọmọ tó bá gbàgbé tó sọ ọ́ tó máa san fáìnì tàbí kó kúnlẹ̀. Ní sùkúù ìjọba ní tiwọn, ńṣe ni tíṣà ń lú méjèèjì pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì lójú bọ́ọ̀dù, Yorùbá lẹ́nu, bíi ti Òkèlélé tí mo sọ yẹn, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bó ṣe máa ṣe é, òun náà ń dá a dọ́gbọ́n ni.

Kí ni mínísítà rí tó fi fagi lé e?

Àlàyé tó ṣe ni pé àyẹ̀wò àwọn fi hàn pé àwọn agbègbè tó gbájú mọ́ èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ wọn ti ń fìdí rẹmi jù ní WAEC, NECO àti JAMB, pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti ń bá a bọ̀ ti ba ẹ̀kọ́ jẹ́ láwọn ibì kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ fi kún un pé ọmọ ń wọ JSS láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò tó máa gbé e dé ibi tó ń lọ sì rèé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, èdè tó wà ní Nàìjíríà lé ní 500, ta ló máa kọ ìwé sáyẹ́ǹsì fún gbogbo wọn?

Àwọn onímọ̀ èdè, tó fi mọ́ Nigerian Academy of Letters, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, ta ko ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ní kí mínísítà gbé àyẹ̀wò ọ̀hún jáde kí gbogbo ayé rí i, torí bí àwọn ọmọ ṣe ń fìdí rẹmi níbi kan ò sọ pé èdè ló fà á, ó lè jẹ́ ìwé tí kò sí, ó lè jẹ́ tíṣà tí kò tó, ó lè jẹ́ ebi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ fúnra wa. Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025, tó bá jẹ́ pé kò tún kíláàsì kankan ṣe, nǹkan bíi 2013 ló wọ praìmárì kìn-ín-ní. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà ìparí 2022 yẹn, ó ti wà ní SS1. Kò bá a ní praìmárì rárá. Èsì ọdún 2025 gan-an tún ní wàhálà tiẹ̀: WAEC kọ́kọ́ kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní krédíìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, kò pẹ́ wọ́n ní àṣìṣe ti wọ bí wọ́n ṣe máàkì àwọn iṣẹ́ kan, wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96. JAMB ọdún yẹn náà, ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó wá tún ìdánwò ṣe torí àṣìṣe tó wá látọwọ́ JAMB fúnra ẹ̀. Síbẹ̀, 62.96 yẹn náà kéré sí 72.12 ti ọdún 2024, ẹ ò sì lè bá òbí tí ọmọ ẹ̀ wà lára àwọn tó fìdí rẹmi wí tó bá ní kí wọ́n wá nǹkan ṣe. Àwọn ti mínísítà náà sì ní èsì lẹ́nu, pé fífi èdè abínibí kọ́ni ti wà lábẹ́lẹ̀ tipẹ́ kí 2022 tó dé.

Modákẹ́kẹ́ tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ, kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní sùkúù praìmárì St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, owó Ford Foundation, àjọ kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n pín àwọn ọmọ sọ́nà méjì. Apá kan ń kọ́ gbogbo iṣẹ́ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò o, sáyẹ́ǹsì o, gbogbo ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ ni, àmọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ni wọ́n fún wọn. Apá kejì ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Wọ́n ṣe é títí dé 1978, wọ́n mú un dé àwọn sùkúù mìíràn náà. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ọmọ náà wò, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ iṣẹ́ ò rẹ̀yìn lórí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú iṣẹ́ wọn.

Kókó tó wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń dárúkọ Modákẹ́kẹ́ lójoojúmọ́ máa ń fò ni tíṣà Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Wọn ò gba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n fún wọn ní èyí tó dáa. Wọ́n kọ ìwé sílẹ̀, wọ́n dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́, owó wà. Àwọn tó ta ko ètò náà ní ohun tí wọ́n ṣe ní sùkúù díẹ̀ pẹ̀lú owó òkèèrè, ṣé ó lè dé gbogbo ìlú? Fafunwa fúnra ẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, kò ṣeé ṣe fún un láti gbé e dé gbogbo Nàìjíríà.

Àwa ní Ìlọrin sì ní ẹ̀rí tiwa nítòsí, tí mi ò tíì rí kẹ́nì kan mẹ́nu bà. Ẹ lọ sí ilé-kéwú èyíkéyìí ní Pàkátà tàbí Àdẹ̀ta. Lárúbáwá ni wọ́n ń kọ́, èdè àjèjì pọ́ńbélé, àmọ́ àfáà máa ń ka gbólóhùn kan, á túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, á ka òmíràn, á tún túmọ̀ ẹ̀, títí tí ọmọ fi máa dàgbà di ẹni tó ń ka kítáàbù fúnra ẹ̀. Bí Ìlọrin ṣe di ibi tí àwọn èèyàn ti ń wá kéwú láti ọ̀nà jíjìn nìyẹn. Lóòótọ́, àfáà mọ èdè méjèèjì dunjú, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn.

Ṣé Yorùbá lè gbé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì?

Ọ̀rọ̀ ti wà fún un. Àròpọ̀, àyọkúrò, ìlọ́po, pínpín, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Láti ọdún 1980 sókè ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bíi Ayọ̀ Bámgbóṣé ti ń kó àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ jọ fún ẹ̀kọ́ Yorùbá, wọ́n ti ṣe ti sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò praìmárì náà. Ibi tó ti ń le ni òǹkà. Ẹ wo 45. Gẹ̀ẹ́sì ní ogójì-ó-lé-márùn-ún, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe pè é. Yorùbá ní márùndínláàádọ́ta, ìyẹn ni pé kí ọmọ yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta, àádọ́ta fúnra ẹ̀ sì rèé, ogún mẹ́ta tí wọ́n yọ mẹ́wàá kúrò nínú ẹ̀ ni. Ọmọ ti ṣe àyọkúrò méjì kó tó dárúkọ nọ́ńbà kan. Àwọn kan ní ọgbọ́n orí ni ìyẹn ń kọ́ ọmọ, àwọn kan ní ó ń dá a dúró, kí wọ́n tún òǹkà ṣe fún sùkúù. Èmi rò pé àwọn méjèèjì lóhun tí wọ́n ń wí, ọmọ tó ń bá ìyá ẹ̀ tajà ní Ọjà Ọba ò níṣòro pẹ̀lú mẹ́tàdínlógún, ọmọ tí kò gbọ́ ọ nílé rí ló máa ń le fún.

Kwara ńkọ́, níbi tí kì í ṣe Yorùbá nìkan là ń sọ?

Ọ̀rọ̀ gidi rèé. Ní Ìlọrin, Fúlàní, Hausa, Tápà, Yorùbá ló jọ dó síbẹ̀, àmọ́ Yorùbá ni gbogbo wọn jọ ń ná ọjà. Ẹ bá kúrò nílùú, ó yàtọ̀. Pátígí àti Láfíàgí, Tápà ni. Bàrùtẹ́n, Bàrìbá ni. Ṣáàrẹ́ àti Tsaragi múlé gbe ara wọn, Ìgbómìnà ni wọ́n ń sọ ní ọ̀kan, Tápà ní ìkejì. Tí ìjọba bá gbé tíṣà láti Ọ̀ffà lọ sí Bàrùtẹ́n, èdè abínibí ta ló máa fi kọ́ni? Àwọn tó fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ìbéèrè yẹn múlẹ̀, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ èdè abínibí ní kí wọ́n gba tíṣà láàárín àwọn ọmọ àdúgbò, kí wọ́n má kàn máa pín wọn káàkiri.

Ìhà gúúsù ló yẹ kó rọrùn jù, Ọ̀ffà, Òmù-Àrán, gbogbo ibẹ̀. Síbẹ̀, Yorùbá inú ìwé kì í ṣe Ìgbómìnà tí ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu ìyá ẹ̀ gan-an, bó tiẹ̀ súnmọ́ ọn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ fíìfíì.

Àwọn tíṣà fúnra wọn, ṣé wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó?

Ní 2008, ìjọba Kwara ṣe ohun kan tí àwọn èèyàn ò tíì gbàgbé. Wọ́n fún tíṣà 19,125 ní ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò tí kò ju ìwọ̀n praìmárì kẹrin lọ, 75 péré ló gba máàkì tí wọ́n ní kí tíṣà gbà. Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe lórí àtúnṣe, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíṣà ìgbà yẹn sì ti fẹ̀yìn tì. Àmọ́ ìhà méjèèjì ló ń lo nọ́ńbà yẹn. Àwọn kan ní tíṣà tí Gẹ̀ẹ́sì ò dá lẹ́nu ẹ̀, ẹ ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì, àkọ́sórí ló máa kọ́ ọmọ. Àwọn kejì ní torí ẹ̀ gan-an ló ṣe yẹ kí wọ́n dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe kí wọ́n sá fún un.

Ọ̀mọ̀wé kan ní Kánádà, Jim Cummins, ti ṣàlàyé látọjọ́ pípẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì méjì ló wà fún ọmọ tí kì í ṣe èdè ìyá ẹ̀. Èyí tó fi ń ṣeré pẹ̀lú ọ̀rẹ́, ó lè mọ̀ ọ́n láàárín ọdún méjì. Èyí tó máa fi lóye ìwé sáyẹ́ǹsì, ó máa ń gbà tó ọdún márùn-ún sí méje. Nítorí ẹ̀, tí ọmọ yín bá ń sọ "good morning aunty" dáadáa, ẹ má tíì sọ pé ó gbọ́ ohun tí tíṣà ń ṣàlàyé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíì?

Kò sí bá a ṣe máa fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Malaysia fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti 2003, ní 2009 wọ́n kéde pé àwọn ń padà sí èdè tiwọn. Rwanda bọ́ láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì ní 2008. Ní Tanzania, Swahili ni wọ́n ti ń fi kọ́ praìmárì láti 1967. Ghana tó wà nítòsí wa, ní October 2025, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Àbújá tó kéde tiẹ̀, mínísítà wọn ní kí àwọn tíṣà máa fi èdè abínibí kọ́ni. Ní Yúróòpù, wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní CLIL, tí tíṣà ń fi èdè àjèjì kọ́ iṣẹ́, tó sì ń kọ́ èdè yẹn papọ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ ọmọ tó ń wọ̀ ọ́ sábà máa ń ti mọ̀wé kà lédè ìyá ẹ̀, tíṣà sì gba ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ méjèèjì.

Kí ló kàn báyìí?

Òfin Nàìjíríà jẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ láṣẹ lórí ẹ̀kọ́, ọwọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni praìmárì sì wà. Ìkéde Àbújá ò lè wọ kíláàsì fúnra ẹ̀, ó dìgbà tí ìpínlẹ̀ bá bá tíṣà sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe.

Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní Ìpàtà yẹn, mo ní kó má yọ ọmọ ẹ̀. Ó ní ìpàdé àwọn òbí máa wáyé lọ́jọ́ Fúráìdè, kí ni kóun bi wọ́n? Mo ní kó bi wọ́n pé tí ọmọ òun ò bá gbọ́ ohun tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, ṣé tíṣà láyè láti tún un ṣàlàyé fún un ní Yorùbá láìwo ẹnu ọ̀nà, àti pé ta ló ń kọ́ ọmọ òun ní Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà mélòó lọ́sẹ̀, ìwé wo ni wọ́n sì ń lò.